Ẹ Kú Ewu, Ẹ Kú Àná: Gbèsè Ọpẹ́ Tí A Jẹ Àwọn Ológun Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ọkàn wa tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sì ni. Kì í ṣe ọpẹ́ tí à ń fi orin àti dùùrù dú nínú ilé Ọlọ́run ni a ń wí, bí kò ṣe ọpẹ́ tí ènìyàn ń dú lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà, ní ọjà, nínú ọkọ̀ àti ní ẹ̀bá títì.

Àwa ọmọ Yorùbá kò ṣe aláìní ìkíni. Kò sí iṣẹ́ tí ènìyàn lè máa ṣe, kò sì sí ipò tí ó lè bá ara rẹ̀, tí àwọn bàbá wa kò ní ìkíni fún. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, a kí i pé ó kú iṣẹ́. Ẹni tí ó jókòó, ó kú ìjókòó. Ẹni tí ó náwó, ó kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n méjì wà nínú wọn tí a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀ wò. Èkínní ni "ẹ kú ewu," èyí tí a ń kí ẹni tí ó la ewu kọjá, ìbáà ṣe aboyún tí ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, tàbí arìnrìn-àjò tí ó bọ́ nínú ìjàǹbá ọ̀nà. Èkejì ni "ẹ kú àná." Bí ẹnìkan bá ṣe wá ní oore lónìí, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní ọjọ́ kejì, ẹni tí a kọ́ dáradára yóò tún dìde, yóò tọ olóore rẹ̀ lọ, yóò sì wí pé, "Ẹ kú àná o, a dúpẹ́ oore àná." Ẹni tí ó dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀ nìkan, ó lè jẹ́ pé ayọ̀ ohun tí ó rí gbà ni ó mú un dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó padà wá ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ó fún un ni ó ń rántí. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń wí pé, bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà.

ÀWỌN TÍ A KÒ TÍÌ KÍ

Ẹgbẹ́ ènìyàn kan wà láàárín wa tí wọ́n la ewu kọjá nítorí ti ìlú, tí wọ́n sì ṣe oore ní àná, ṣùgbọ́n tí a kì í kí kú ewu, tí a kì í sì í kí kú àná. Àwọn ni ológun àtijọ́, àwọn sójà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Wọn kò jìnnà sí wa rárá. Ọ̀kan ni bàbá arúgbó tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì ní òru, tàbí tí ó ń ṣí géètì ilé-ìwé fún àwọn ọmọ wa ní òwúrọ̀, tí ó sì ń dúró ṣánṣán nígbà tí ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀. Ọ̀kan ni àgbẹ̀ tí ń tiro lọ sí oko rẹ̀, tí àwọn ọmọdé kò sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀kan ni ẹni tí ó máa ń kọ́kọ́ dé ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, tí bàtà rẹ̀ a máa dán bí aṣọ rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣá. Àwọn obìnrin sì wà nínú wọn pẹ̀lú, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. À ń rí wọn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ wọ́n sí ni "Bàbá ọlọ́dẹ" tàbí "Bàbá géètì," a kò sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó di ọlọ́dẹ.

Ẹ wo bí ìgbàgbé wa ti jinlẹ̀ tó. Ará Ìbàdàn tí ó ń gba Mọ́kọ́lá kọjá mọ bárékè tí a ń pè ní Letmauk. Ará Èkó mọ Dodan, ó mọ Arakan ní Àpápá, ó mọ Myohaung ní Yábàá, ó sì mọ Abalti lọ́nà Ojúẹlẹ́gba. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe orúkọ Yorùbá, wọn kì í ṣe ti Haúsá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ojú ogun ni wọ́n. Abalti wà ní ilẹ̀ Etiópíà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì jà ní 1941, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ Mogadishu ní oṣù Kejì ọdún náà. Àwọn mẹ́rin yòókù wà ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Àwọn tí ó fi orúkọ wọ̀nyí sọ ibùdó ọmọ ogun fẹ́ kí á máa rántí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a ń pè láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ dà bí agogo tí a ń lù fún adití.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍ BỌ́MÀ

Nínú ogun ńlá ti 1939 sí 1945, a kó ọmọ ogun bí 90,000 láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá òkun lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ ogun méjì ni wọ́n pín sí ní pàtàkì, èyí tí a fi 81 pè àti èyí tí a fi 82 pè, a sì dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní 1943. Àfonífojì odò Kaladan ni a rán ẹgbẹ́ 81 lọ. Òkè gíga ni, igbó kìjikìji ni, kò sì sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà ọkọ̀ jíìpù tí ó gùn tó ibùsọ̀ 75 kọjá lórí àwọn òkè náà, ohun èlò ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì náà, ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láti òkè, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kìíní 1945, ẹgbẹ́ 81 àti ẹgbẹ́ 82 pàdé, wọ́n sì gba ìlú Myohaung, èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lára bárékè Yábàá títí di òní.

A kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo wọn ni ó gbé ìbọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó jẹ́ aláàárù tí ń fi orí ru ẹrù ogun, nítorí pé níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, tí ẹṣin àti ìbaaka kò sì lè gùn, orí ọmọ Áfíríkà ni ó gbé ìyà náà. Àwọn mìíràn jẹ́ alásè, awakọ̀, akọ̀wé àti olùtọ́jú aláìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò rántí òfin tí Dáfídì ṣe nígbà tí ó padà láti ibi ìlépa àwọn ará Ámálékì. Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fẹ́ kí á fi nǹkan kan fún àwọn tí ó rẹ̀, tí wọ́n dúró ti ẹrù; ṣùgbọ́n Dáfídì dá wọn lẹ́kun, ó sì pàṣẹ pé ọgbọọgba ni ẹni tí ó lọ sójú ìjà àti ẹni tí ó dúró ti ẹrù yóò pín in. Nítorí náà, bí ológun àtijọ́ kan bá wí fún wa pé alásè ni òun nínú ogun, kí a má ṣe rẹ́rìn-ín, kí a má sì ṣe fi ojú kéré rẹ̀. Ẹni tí ó se oúnjẹ nínú òjò ọta ti jagun.

SÓJÀ KAN TÍ Ó MỌ ỌPẸ́ DÁ

Nínú gbogbo àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà, a fẹ́ sọ ìtàn ẹnìkan, nítorí pé òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ́ wa bí a ti ń san gbèsè ọpẹ́. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16. Ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù Kẹta 1944, ní etí odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì yọ sí wọn lójijì, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan kú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ Isaac, kò sì lè dìde. Nígbẹ̀yìn, òun àti ọmọ Sàró kan tí ń jẹ́ David Kargbo ni ó ṣẹ́kù nínú igbó náà, láàárín àwọn ọ̀tá, ní ilẹ̀ tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe yè? Àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ń yọ́ wá fún wọn ní oúnjẹ. Lẹ́yìn náà àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀, mú wọn wọ ilé ara rẹ̀, ó sì fi wọ́n pamọ́ láàárín aya àti ọmọ rẹ̀. Àgbẹ̀ náà mọ̀ dájú pé bí àwọn ará Jàpáànì bá gbọ́, òun àti gbogbo ilé òun ni yóò kú. Síbẹ̀ kò lé wọn jáde. Bí oṣù mẹ́sàn-án ni ó kọjá láti ọjọ́ tí ìbọn bà wọ́n títí di oṣù Kejìlá 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọba Gẹ̀ẹ́sì dé abúlé náà, tí wọ́n sì gbé wọn lọ.

Isaac padà sí Nàìjíríà, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó bí ọmọ, ó sì dàgbà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ohun tí ojú rẹ̀ rí, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1999. Ṣùgbọ́n oore kan wà tí kò kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ní 2011, nígbà tí akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, ń lọ sí Bọ́mà láti wá ìdílé Shuyiman kàn, Isaac kọ lẹ́tà ọpẹ́, ó sì fi í rán an. Ọdún 67 ti kọjá. Àgbẹ̀ náà ti kú. Ṣùgbọ́n a rí àwọn ẹbí rẹ̀, a sì ka lẹ́tà náà fún wọn, wọ́n sì gbọ́ pé ọmọ ogun tí bàbá wọn fi pamọ́ kò gbàgbé.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo nǹkan yìí. Adétẹ̀ mẹ́wàá ni Olúwa wa mú lára dá, ẹnìkan ṣoṣo ni ó padà wá dúpẹ́, àlejò sì ni. Níhìn-ín, sójà tí gbogbo wa jẹ ní gbèsè ni ó tún jẹ́ ẹni tí ó mọ gbèsè tirẹ̀. Ó kí ẹ kú àná kọjá òkun, lẹ́yìn ọdún 67, sí ilé ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀. Kí ni yóò wá dí àwa lọ́wọ́, tí ó jẹ́ pé títì lásán ni a ní láti sọdá kí a tó kí ẹni tí ó tọ́ sí wa láti kí?

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí ó korò díẹ̀. Ọpẹ́ náà dé, ṣùgbọ́n etí tí ì bá gbọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀. Isaac pàápàá kú ní 2012, ní ọdún kejì lẹ́yìn lẹ́tà náà. Àwọn tí ó jagun Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán pátápátá. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun abẹ́lé wa bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ti di arúgbó tí ó kọjá ọdún 75. Àwọn tí a rán lọ sí Kóńgò láti 1960 dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá sọ pé a ó kí wọn ní ọ̀la, ta ni ó fi dá wa lójú pé wọn yóò wà níbẹ̀ láti jẹ́ wa?

ÀWỌN ÀWÁWÍ WA

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ṣebí wọ́n gba owó oṣù? Iṣẹ́ tí wọ́n yàn ni." Òótọ́ ni pé wọ́n gba owó. Ṣùgbọ́n dókítà pẹ̀lú ń gba owó, síbẹ̀ a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ wa bá yè. Olùkọ́ ń gba owó, síbẹ̀ a ń rántí rẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Owó oṣù ni iye iṣẹ́. Ta ni ó lè dá iye lé ẹsẹ̀ tí a gé, tàbí ojú tí ó fọ́, tàbí oorun tí kò tún dùn mọ́ láti ìgbà náà wá? Ohun tí owó kò lè san ni a dá ọpẹ́ sílẹ̀ fún.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Ẹ̀rù sójà ṣì ń bà wá." Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Láti 1966 títí di 1979, àti láti ìparí 1983 títí di 1999, àwọn ológun ni ó ń ṣe ìjọba lé wa lórí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni a sì nà ní pàṣán ní ìta gbangba láìṣẹ̀. A kò sọ pé kí a pe búburú ní rere. Jòhánù Onítẹ̀bọmi kò pe búburú ní rere nígbà tí àwọn ọmọ ogun tọ̀ ọ́ wá. Ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe fi ipá gba nǹkan, kí owó iṣẹ́ wọn sì tó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé kò lé wọn padà. Kọ̀nílíù balógun ọ̀rún pẹ̀lú, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀. Bàbá tí ó ń ṣọ́ géètì ní àdúgbò wa kò jókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn tí ó fi ìbọn gba ìjọba. A kì í torí pé ọ̀kan jí iṣu kí á pe gbogbo ará ilé ní olè.

Àwíjàre kẹta ni ó wúwo jù, òun ni ti ogun abẹ́lé, láti oṣù Keje 1967 títí di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970. Ọmọ ìyá ni ó bá ọmọ ìyá jà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé ni ebi pa kú. Ní ti irú ogun bẹ́ẹ̀, ìkíni ìṣẹ́gun kò yẹ ní ẹnu Kristẹni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ọgbọ́n àwọn bàbá wa: "ẹ kú ewu" kì í béèrè ẹni tí ó ṣẹ́gun. Ẹni tí ó wà ní ìhà kìíní ni a lè kí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà ní ìhà kejì ni a sì lè kí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn méjèèjì ni ó la ewu kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, kì í sì í ṣe àwọn ni ó dá ogun náà sílẹ̀. Bí ilé Kristẹni bá lè kí àwọn méjèèjì tọkàntọkàn, ó ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ àlàáfíà.

BÍ A TI LÈ ṢE É NÍNÚ ILÉ WA

Ìmọ̀ràn díẹ̀ nìyí fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ.

Èkínní, kí a kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ tí ó bá ń pe bàbá géètì ní "ìwọ" nítorí pé bàbá tirẹ̀ ni ó ń san owó oṣù rẹ̀, kò tíì mọ ilé tí ó ti jáde wá. Kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ bí ó ti yẹ fún àgbà, kí ó sì wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. A gbọ́ pé ẹ ti sin ìlú rí. Ẹ kú ewu, ẹ kú àná." Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Èkejì, kí a béèrè pẹ̀lú ọgbọ́n, kí a sì fi etí sílẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti béèrè pé, "Bàbá, ẹni mélòó ni ẹ pa?" Kí àwọn òbí dá wọn lẹ́kun, nítorí ìbéèrè yìí ń gún ojú ọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè pé, "Níbo ni ẹ ti sìn? Kí ni ẹ ń jẹ níbẹ̀? Ta ni ọ̀rẹ́ yín?" Bí ó bá sọ, kí a gbọ́ ọ dé òpin, bí ó bá dákẹ́, kí a bá a dákẹ́. Kí a sì rántí pé ariwo bángà tí àwọn ọmọ ń yìn nígbà Kérésìmesì, eré ni ní etí tiwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ní etí ẹni tí ó ti gbọ́ ìbọn Laibéríà tàbí ti Sàró láàárín òru.

Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a kàwé fi ìwé náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí a bá pe àwọn tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì kí wọ́n wá fi ara hàn, ọ̀pọ̀ arúgbó ni kò lè ka ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí wọn, tí wọn kò sì lè dúró pẹ́ lórí ìlà. Ọmọ yín tí ó mọ̀wé lè kà á fún wọn, ó lè bá wọn kọ ọ́, ó sì lè bá wọn lọ dúró. Bí bàbá náà bá fẹ́, ó tún lè kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Bí Isaac Fadoyebo kò bá kọ ìwé tirẹ̀, ta ni ì bá mọ orúkọ Shuyiman lónìí?

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ gbà wọ́n sí iṣẹ́ ọlọ́dẹ, ọpẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó oṣù. Ẹ san án ní ọjọ́ tí ó yẹ. Ẹ fún wọn ní àga, ẹ fún wọn ní ibi tí òjò kò ti ní pa wọ́n, ẹ fún wọn ní iná àti omi. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn kí arúgbó tí ó sì jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì, ó ti fi ọwọ́ kan kọ́ ilé, ó sì ti fi èkejì wó o.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe gbàgbé àwọn opó. Láti 2009 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti ń kú ní apá Ìlà-Oòrùn Àríwá nínú ìjà pẹ̀lú àwọn Boko Haram. Aya wọn wà nínú ìjọ wa, wọ́n ń ta ọjà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa. A kò lè kí ọkọ wọn kú ewu mọ́, nítorí ewu náà gbé e lọ. Ṣùgbọ́n a lè ra ọjà lọ́wọ́ wọn láì-yọwó-jù, a lè bá wọn san owó ìwé ọmọ kan, a sì lè pe orúkọ ọkọ wọn nínú àdúrà ìdílé.

ỌJỌ́ KAN KÒ TÓ

Ìjọba ti yan ọjọ́ kan fún ìrántí yìí. Ní àtijọ́, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni, ọjọ́ tí ogun ńlá àkọ́kọ́ dópin ní 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé a gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, nítorí ọjọ́ náà ni ogun dópin ní 1970. Ààrẹ a máa gbé òdòdó lélẹ̀, a máa ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, a sì ń ṣe ìsìn ìrántí nínú ilé Ọlọ́run ní àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó dára, ó sì yẹ. Ẹ ra àmì ìrántí náà, ẹ so ó mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n ìlú lè gbé òdòdó sí ẹsẹ̀ ère, kí ó sì gba iwájú sójà alààyè kọjá láìwo ojú rẹ̀. Òkúta kò gbọ́ ìkíni. Ènìyàn ni ó ń gbọ́ ọ.

Nínú ìwé Oníwàásù a kà nípa ìlú kékeré kan tí ọba ńlá dó tì. Ọkùnrin tálákà kan wà níbẹ̀ tí ó fi ọgbọ́n rẹ̀ gba ìlú náà là, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rántí tálákà náà. A kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ orúkọ ìlú náà. Bí ìlú bá gbàgbé ẹni tí ó gbà á là, ó tọ́ kí á gbàgbé orúkọ ìlú náà pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ìlú tiwa rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí wá ológun àtijọ́ kan ní àdúgbò rẹ̀, tàbí opó rẹ̀, kí wọ́n sì lọ kí i. Kí wọ́n má ṣe kó afọnfèrè àti ayàwòrán lẹ́yìn. Kí wọ́n lọ bí ẹni tí ó sùn, tí ó jí, tí ó sì rántí oore tí a ṣe fún un ní àná. Àwa náà, láti ojú ewé yìí, ń kí gbogbo ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti sin ìlú, ẹ̀yin tí a mọ̀ àti ẹ̀yin tí a kò mọ̀: ẹ kú ewu, ẹ kú àná, a dúpẹ́ oore àná. Kí Olúwa fi alẹ́ yín ṣe àlàáfíà. Àmín.